Pọ́ǹpù Kànga Ilé ní Atakpamé: Ìtọ́jú àti Àtúnṣe Rẹ̀

Omi tí àwọn ará Atakpamé ń fà láti abẹ́ ilẹ̀, inú àpáta ló ń gbé. Ìlú náà wà láàrin òkè, ní nǹkan bíi 160 kìlómítà sí àríwá Lomé, lójú títì ńlá tó gba àárín Tógò kọjá. Àpáta líle ló tẹ́ sábẹ́ agbègbè yẹn, láti ẹsẹ̀ àwọn òkè títí dé pẹ̀tẹ́lẹ̀ odò Mono. Àpáta kì í mu omi bíi yanrìn etíkun. Ibi méjì péré lomi ń rí fara pamọ́ sí nínú rẹ̀: òkè rẹ̀ tí òjò àti oòrùn ti sọ di amọ̀ àti yanrìn láti ayébáyé, àti ibi tí àpáta ti sán nísàlẹ̀. Kànga ọwọ́, èyí tí wọ́n fi ọkọ́ àti dígà gbẹ́, omi ibi àkọ́kọ́ ló ń mu. Kànga ẹ̀rọ, tí àwọn ará Tógò ń fi èdè Faransé pè ní forage, ìsán àpáta ló ń wá lọ, ó sì sábà máa ń jìn tó mítà 40 sí 80 kó tó bá a. Ìdí nìyí tí kànga kan fi lè kún dẹ́dẹ́ lẹ́yìn ilé, tí èkejì tí wọ́n gbẹ́ síwájú ilé kan náà kò sì ní mú nǹkan kan jáde ju eruku lọ.

Ọ̀rọ̀ àpáta yìí kan pọ́ǹpù gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé omi irú kànga bẹ́ẹ̀ kì í dúró lójú kan. Láti oṣù kọkànlá tí òjò bá ti dá ló ti ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí di oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, kí òjò tuntun tó gbé e padà. Ẹni tó ra pọ́ǹpù ní oṣù kẹsàn-án, tó sì so ó rọ̀ ní ìwọ̀n ibi tí omi wà lọ́jọ́ náà, oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e ni yóò mọ ohun tó ṣe, nígbà tí ẹnu pọ́ǹpù bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́. Púpọ̀ nínú mọ́tò tí wọ́n ń gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún wáyà wé pé ó jó, omi ló kọ́kọ́ já a kulẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ abúlé, pọ́ǹpù gbogbogbòò ni wọ́n ń lò: ti ọwọ́ bíi India Mark II, tàbí ti ẹsẹ̀ tí Marc Vergnet, ará Faransé, ṣe, tí ènìyàn ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀. Irú ìwọ̀nyẹn sábà máa ń ní ìgbìmọ̀ tó ń gba owó omi àti ẹni tí wọ́n kọ́ láti tún un ṣe. Pọ́ǹpù oníná tó wà nínú agbo ilé kò ní ìgbìmọ̀. Níbi tí páìpù ilé-iṣẹ́ omi Togolaise des Eaux kò bá dé, tàbí tí onílé kò fẹ́ gbára lé e nìkan, onílé ni ìgbìmọ̀, òun ni akápò, òun náà sì ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti ṣe.

Oríṣi pọ́ǹpù oníná méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ń jókòó sórí ilẹ̀, ó sì ń fa omi gòkè bí ọmọdé ṣe ń fi sítíróò fa mínírà. Ohun tí ojú kò rí níbẹ̀ ni pé pọ́ǹpù náà kọ́ ló ń gbé omi. Ńṣe ló ń kó afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù, afẹ́fẹ́ ìta tó tẹ ojú omi kànga mọ́lẹ̀ ló sì ń ti omi náà gòkè. Àwọn oníṣẹ́ pọ́ǹpù ní Ítálì ti rí i tipẹ́ pé bó ti wù kí ẹ̀rọ lágbára tó, omi kì í gba ọ̀nà yìí gòkè ju nǹkan bíi mítà 10 lọ. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Galileo kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1638. Ó rò pé omi ń já nínú páìpù bí okùn tó gùn jù ṣe ń já. Torricelli, tó bá a gbé ní ìgbẹ̀yìn ayé Galileo, ló ṣàlàyé ní 1644 pé ìwúwo afẹ́fẹ́ ló parí síbẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́, páìpù àti ìsopọ̀ rẹ̀ ń jẹ nínú agbára náà, mítà 7 ni ó sì dájú. Bí ojú omi bá wà ní mítà 6 ní oṣù kẹwàá, tó wá lọ sí mítà 9 ní oṣù kejì, pọ́ǹpù orí ilẹ̀ tó dákẹ́ kò bàjẹ́ rárá. Kò sí oníṣẹ́ tó lè tún un ṣe.

Èkejì ni pọ́ǹpù inú omi, tí wọ́n ń so rọ̀ sínú kànga ẹ̀rọ. Ó rí gbọọrọ bí ọ̀pá oparun, kò nípọn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Mọ́tò ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Lókè mọ́tò ni ibi tí omi ń gbà wọlé, lókè ìyẹn sì ni àwọn abẹ́bẹ̀ kéékèèké tó tò lérí ara wọn bí àwo. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba omi lọ́wọ́ ti ìsàlẹ̀, á fi agbára kún un, á tì í sókè. Bí kànga bá ṣe jìn tó ni abẹ́bẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Omi tó ń ṣàn kọjá lára mọ́tò kó tó dé ẹnu ọ̀nà ló ń tù ú, omi kan náà ni òróró àwọn abẹ́bẹ̀. Pọ́ǹpù tó bá ń yí láìsí omi ti pàdánù méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kì í sì í pẹ́ tí ike inú rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́.

Lórí àwọn abẹ́bẹ̀ ni fáàfù wà, ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún omi tó ń gòkè, tó sì ń pa dé mọ́ èyí tó bá fẹ́ padà. Láti ibẹ̀ ni páìpù, wáyà àti okùn ti jọ ń bọ̀ dé ẹnu kànga. Lára ògiri, àpótí kan wà tó gbé bíréékà, súìṣì àti kàpásítọ̀ dání. Kàpásítọ̀ yìí ló ń ti mọ́tò lẹ́yìn nígbà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Omi tó jáde á wá lọ sínú táńkì ike tó wà lórí òpó kọnkéré, bọ́ọ̀lù tó ń léfòó nínú rẹ̀ á sì pa pọ́ǹpù nígbà tó bá kún. Gíga mítà 10 ló ń fún omi ní agbára bar 1, nítorí náà táńkì tí ìdí rẹ̀ ga ní mítà 5 kò lè mú ju nǹkan bíi ìdajì bar wá sílẹ̀: ó tó fún bókẹ́ẹ̀tì, kò tó fún ṣáwà tó ń ya bí òjò. Ẹni tó bá fẹ́ irú ṣáwà yẹn á ra táńkì irin kékeré tó ní àpò rọ́bà àti afẹ́fẹ́ nínú, pẹ̀lú súìṣì tó ń tan pọ́ǹpù nígbà tí agbára omi bá lọ sílẹ̀ dé bíi bar 1.4, tó sì ń pa á ní bar 2.8.

Ìtọ́jú tó wúlò jù lọ kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀: kí onílé mọ iye ìṣẹ́jú tí pọ́ǹpù rẹ̀ fi ń kún táńkì, kó sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri pẹ̀lú oṣù rẹ̀. Táńkì lítà 1,000 tó ń kún ní ìṣẹ́jú 40 ní oṣù kẹwàá, tó gba wákàtí kan ní oṣù kejì, tó sì padà sí 40 lẹ́yìn tí òjò rọ̀, ọ̀rọ̀ omi ni. Èyí tí òjò rọ̀ tí kò padà, abẹ́bẹ̀ ló ti jẹ, tàbí kí páìpù ti lu. Ògiri yẹn á ti sọ fún oníṣẹ́ ohun tí ìbá fi ìdajì ọjọ́ wá.

Àpótí iná ló kàn. Ó gbẹ, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, òjò kò dé ibẹ̀; ilé tó dára ni fún ọmọńlé àti èèrà. Nínú súìṣì agbára omi, irin kéékèèké méjì ló ń fẹnu ko ara wọn kí iná tó kọjá. Èèrà tó bá há sáàárín wọn á jó di eérú dúdú, eérú á dí iná lọ́nà, wọ́n á sì ní pọ́ǹpù ti kú. Ẹni tó bá pa iná, tó ṣí àpótí náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tó fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a mọ́, tó sì fi rọ́bà dí ihò tí wáyà gbà wọlé, ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìnáwó púpọ̀. Ti táńkì irin kò le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n á pa pọ́ǹpù, wọ́n á tú gbogbo omi inú rẹ̀ jáde, wọ́n á sì fi mítà táyà wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀. Bí súìṣì bá ń tan ní bar 1.4, afẹ́fẹ́ náà yẹ kó wà ní nǹkan bíi 1.2. Pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ ti tó láti fi dí ohun tó bá dín. Ṣùgbọ́n bí omi bá jáde níbi tí wọ́n ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́, àpò rọ́bà ti ya.

Ẹnu kànga gbọ́dọ̀ ga ju ilẹ̀ lọ, kó ní ìdérí, kí sìmẹ́ńtì tó yí i ká má sì sán. Mítà 30 ni wọ́n sábà máa ń ní kó wà láàrin kànga àti ṣáláńgá, àmọ́ ní ìlú tó wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìhà tí ṣáláńgá wà kò kéré sí bó ṣe jìnnà tó. Ìdọ̀tí ń tẹ̀ lé omi, omi kì í sì í gun òkè.

Lẹ́yìn omi, iná ló ń pa mọ́tò jù. Ìdídò Nangbéto lórí odò Mono, tó ń pèsè iná fún Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ láti 1987, kò jìnnà sí Atakpamé, ṣùgbọ́n sísúnmọ́ ibi tí iná ti ń wá kò ní kí iná dé ẹnu pọ́ǹpù ní pípé. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún 220 volt lè fara da ìyàtọ̀ bíi ìdá mẹ́wàá rẹ̀. Tó bá kéré sí 200 ní ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo àdúgbò ń lo iná, mọ́tò á máa fa iná púpọ̀ sí i kó lè ṣe iṣẹ́ kan náà, ara rẹ̀ á sì máa gbóná. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn láti inú ilé dé kànga tó wà ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ ń fa irú ìyà kan náà, òun ni àwọn oníṣẹ́ kì í sì í sábà fura sí. Oníjẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ rántí pé mọ́tò máa ń gba ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́fà iná rẹ̀ nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tó kàn tó o lásán kò ní lè jí i. Nígbà tí àrá bá sì ń sán, kí wọ́n já pọ́ǹpù kúrò lára iná: wáyà rẹ̀ tó wọ inú omi jẹ́ ọ̀nà tó wu àrá láti gbà.

Nígbà tí omi bá wá dá pátápátá, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń ṣe ni láti wá ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta tí yóò fa pọ́ǹpù jáde. Ìkánjú ni. Ohun tó wà lójú ilẹ̀ rọrùn láti yẹ̀ wò ju ohun tó wà ní mítà 50 nísàlẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni àbùkù sì sábà máa ń wà.

Bí pọ́ǹpù bá dákẹ́ láìdún rárá, kí wọ́n wo bóyá iná wà nínú ilé, kí wọ́n wo bíréékà, kí wọ́n wo bóyá bọ́ọ̀lù inú táńkì kò há mọ́ ògiri, lẹ́yìn náà kí wọ́n wo irin súìṣì. Bíréékà tó bá já, tí wọ́n gbé e sókè tó tún já, kí wọ́n fi sílẹ̀. Wáyà tàbí mọ́tò ti kan ilẹ̀ níbì kan, títún un gbé kò ní mú un sàn. Bó bá ń kùn bí oyin láìyí, kí wọ́n pa á láàrin ìṣẹ́jú àáyá. Yanrìn lè ti há mọ́ abẹ́bẹ̀, àmọ́ kàpásítọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí: òun ló wọ́pọ̀, òun ló rọrùn láti pààrọ̀. Tuntun gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà microfarad kan náà pẹ̀lú ti àtijọ́. Kàpásítọ̀ a máa tọ́jú iná sínú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa iná ilé, nítorí náà oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ ni kó tú iná inú rẹ̀ dànù kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kàn án.

Pọ́ǹpù tó ń yí tí kò mú omi wá ni ó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú jù. Kí wọ́n pa á ná. Lẹ́yìn náà kí wọ́n so nǹkan wúwo mọ́ okùn, kí wọ́n sọ̀ ọ́ sínú kànga, kí wọ́n fà á jáde, kí wọ́n sì wọn ibi tó tutù àti ibi tó gbẹ. Okùn yẹn á sọ bóyá omi ṣì wà lókè pọ́ǹpù. Fún pọ́ǹpù orí ilẹ̀, wọ́n á ṣí ìdérí tó wà lórí rẹ̀, wọ́n á bu omi sí i títí yóò fi kún dé ẹnu, wọ́n á wá dúró wò ó. Bí omi náà bá ń rì lójú wọn, fáàfù tó wà ní ìsàlẹ̀ páìpù kò pa dé mọ́. Ewé tàbí yanrìn lè ti há sí i lẹ́nu. Bí omi bá dúró, tí pọ́ǹpù kò sì mú un wá, páìpù ń fa afẹ́fẹ́ níbi ìsopọ̀ kan. Ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gbẹ táútáú níta, nítorí pé afẹ́fẹ́ ló ń wọlé níbẹ̀, omi kò jáde. Fún pọ́ǹpù inú omi, kí wọ́n tan án fún ìgbà díẹ̀, bí okùn bá ti fi hàn pé omi wà, kí wọ́n sì tẹ́tí sí ẹnu kànga. Bí omi bá ń dà sílẹ̀ nínú kànga bíi ti ọ̀wààrà, páìpù ti lu.

Pọ́ǹpù tó ń tàn tó ń kú ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá, afẹ́fẹ́ táńkì irin ló ti tán. Èyí tó ń tàn lóru tí ẹnikẹ́ni kò ṣí ẹ̀rọ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ń jò, tàbí kí fáàfù máa dá omi padà sínú kànga.

Bó bá di dandan kí pọ́ǹpù jáde, kí wọ́n mọ ìwúwo tí wọ́n fẹ́ gbé. Fáàfù kì í jẹ́ kí omi inú páìpù padà, nítorí náà ẹ̀kún ni páìpù ń bọ̀. Páìpù mítà 50 tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 32 gbé nǹkan bíi lítà 40 omi, ìyẹn kìló 40, kí wọ́n tó ka ti pọ́ǹpù, páìpù àti wáyà mọ́ ọn. Okùn ni kí wọ́n fi fà á. Ẹni tó bá fi wáyà fa pọ́ǹpù yóò já ìsopọ̀ wáyà tó wà nínú omi, pọ́ǹpù tó ti já bọ́ sínú kànga sì lè sọ kànga náà di aláìwúlò. Wọ́n á fi àmì sára okùn kí wọ́n lè mọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀, wọ́n á sì tẹ́ páìpù gbọọrọ lórí ilẹ̀ láìká a kó.

Nígbà tí wọ́n bá ń dá a padà, ìsopọ̀ wáyà ni kí wọ́n fara balẹ̀ fún. Téèpù oníná lásán kò lè dá omi dúró. Rọ́bà tó ń sún kì nígbà tí iná bá kàn án, tó sì ní gọ́ọ̀mù nínú, ni wọ́n ń fi bò ó. Kí wọ́n so wáyà mọ́ páìpù ní nǹkan bíi mítà 3 sí 3, kí wọ́n sì jẹ́ kó rọ̀ díẹ̀. Okùn náà kí ó jẹ́ ọ̀rá tàbí irin tí kì í dípẹtà, nítorí okùn koríko á jẹrà nínú omi. Pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ibi tí omi ń dé ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n kó ga ní mítà díẹ̀ sí ìdí kànga kó má baà máa mu yanrìn. Bí ìwọ̀n méjèèjì kò bá pàdé, kànga náà kò jìn tó. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń pa pọ́ǹpù nígbà tí omi bá gbẹ síbẹ̀, kó má baà jó.

Omi inú àpáta tún máa ń gbé irin dání. Ó ń mọ́ gaara nígbà tó jáde, tó bá sun inú bókẹ́ẹ̀tì mọ́jú á pọ́n bí ilẹ̀ pupa, á sì ba aṣọ funfun jẹ́. Kì í ṣe pọ́ǹpù ló bàjẹ́. Páìpù irin tí wọ́n fi síǹkì bò a sì máa dípẹtà nínú omi tó bá kan díẹ̀, a máa dá kún pípọ́n náà. Ike ló bá irú kànga bẹ́ẹ̀ mu.

Nípa kànga ọwọ́, ohun kan wà tí kò gba àwàdà. Afẹ́fẹ́ búburú a máa dúró sí ìdí kànga, kò ní àwọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì ní òórùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ pé okùn wà lára rẹ̀, tí àwọn tó lè fà á jáde sì wà lókè. Pọ́ǹpù tó ń lo epo bẹntiróòlù kò gbọdọ̀ wọ inú kànga láé, nítorí pé èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn kó tó mọ̀ pé orí ń fọ́ òun. Iná àbẹ́là tí wọ́n ń sọ̀ sílẹ̀ láti fi wò ó lè máa jó dáadáa nínú èéfín tó lè pani. Bí ẹni tó wọlé bá sì ṣubú, ẹni kejì tó bá wọlé láti gbé e ni yóò tẹ̀ lé e.

Iṣẹ́ kò tíì parí nígbà tí pọ́ǹpù bá padà sínú omi, nítorí ọwọ́, okùn àti páìpù tó ti fara kan ilẹ̀ ti kó ìdọ̀tí wọ inú kànga. Omi Javel (bleach) ni wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́. Kànga tó fẹ̀ ní mítà 1, tí omi inú rẹ̀ jìn ní mítà 5, gbé nǹkan bíi lítà 3,900. Bí lítà Javel kan bá ní nǹkan bíi gíráàmù 35 chlorine, lítà 6 tó fún un. Kí wọ́n ka ohun tó wà lára ìgò, nítorí agbára Javel yàtọ̀ síra, kí wọ́n má sì dà á pọ̀ mọ́ oògùn ìfọ-ilé-ìgbọ̀nsẹ̀ kankan. Wọ́n á pò ó mọ́ bókẹ́ẹ̀tì omi kan, wọ́n á dà á yí ògiri kànga ká, wọ́n á tan pọ́ǹpù, wọ́n á ṣí gbogbo ẹ̀rọ inú ilé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí òórùn rẹ̀ yóò fi jáde níbẹ̀, wọ́n á wá pa gbogbo rẹ̀ dé di ọjọ́ kejì. Ní òwúrọ̀, wọ́n á fa omi náà dà sílẹ̀ síbi tó jìnnà sí ewébẹ̀ àti sí odò. Ìgbà tí òórùn Javel bá ti kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ tó jìnnà jù lọ sí táńkì ni wọ́n tó lè bu omi náà sínú ìkòkò.